Ère Búdà fún pẹpẹ inú ilé: èwo ni kí n mú, báwo la ṣe ń bá a gbé?

Àṣẹ̀ṣẹ̀dé:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń jókòó ṣe àṣàrò láràárọ̀, ògiri lásán ni mo sì ń kọjú sí. Ní báyìí ó wù mí kí n ní pẹpẹ kékeré kan, kí ère Búdà wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti dà mí lórí rú. Ọ̀kan sanra, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan dùbúlẹ̀. Ọ̀kan dé adé. Òmíràn jẹ́ orí lásán, kò ní ara. Èwo ni Búdà gan-an nínú wọn? Ṣé dandan ni kí mọ́ńkì yà á sí mímọ́ kí n tó gbé e sórí pẹpẹ? Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní, inú rẹ̀ náà ni mo ń sùn. Ẹni tá a jọ ń gbé sì ti bi mí bóyá òrìṣà ni mo fẹ́ máa bọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi.

Atẹ́lẹwọ́:
Àbúrò, ọwọ́ ère ni kó o kọ́kọ́ wò, torí ọwọ́ ló ń sọ ìtàn.

Bí ọwọ́ ọ̀tún bá gba orí orúnkún wálẹ̀, tí ìka rẹ̀ kan ilẹ̀, tí ọwọ́ òsì sì tẹ́ sórí itan, òru tí ojú Búdà là sí òtítọ́ lábẹ́ igi ní Bodh Gaya nìyẹn. Wọ́n ní Mara, adánniwò, dé, ó ní ta ni ẹlẹ́rìí rẹ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó síbẹ̀. Kò bá a jiyàn. Ilẹ̀ ló fọwọ́ kàn, pé kí ilẹ̀ wá jẹ́rìí.

Bí ọwọ́ méjèèjì bá wà lórí ara wọn lórí itan, tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, àṣàrò ló ń ṣe. Èyí tó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, tó kọ àtẹ́lẹwọ́ sí ọ, "má bẹ̀rù" ló ń wí. Èyí tó na ọwọ́ wálẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ sì kọjú síta, ọrẹ ló ń tani. Bí ọwọ́ méjèèjì bá pàdé níwájú àyà, tí ìka wọn fara kanra bí ìgbà téèyàn ń yí àgbá kẹ̀kẹ́, ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ni, wọ́n sì máa ń so ó mọ́ ìwàásù àkọ́kọ́ tó ṣe ní Sarnath. Èyí tó fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ tó o rí yẹn, bó ṣe dùbúlẹ̀ ní Kushinagar nígbà tó fẹ́ fi ayé sílẹ̀ ni.

Bi ara rẹ léèrè èyí tó o fẹ́ máa rí láràárọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan, èyí tó fọwọ́ kan ilẹ̀ yóò bá a lára mu. Ẹni tí ẹ̀rù ń bá jà, kó mú ti ọwọ́ òkè. Èrò tèmi nìyẹn o, òfin kọ́. Ní Thailand, ọjọ́ tí wọ́n bí ẹnì kan nínú ọ̀sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń fi yan ère tirẹ̀: èyí tó dùbúlẹ̀ ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èyí tó ń ṣàṣàrò ni ti Ọjọ́bọ̀, èyí tí ejò Naga na orí bò ni ti Sátidé. Ọjọ́rú nìkan ló ní méjì, ọ̀kan fún ọ̀sán, ọ̀kan fún alẹ́.

Ojúlówó:
Mo fẹ́ fi kún tàwọn tó kù. Èyí tó sanra tó ń rẹ́rìn-ín yẹn kì í ṣe Siddhattha Gotama, Búdà gan-an tó ò ń béèrè, rárá. Budai lorúkọ rẹ̀, mọ́ńkì ará Ṣáínà tí ìtàn ní ó gbé ayé títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹwàá, tó máa ń gbé àpò aṣọ kiri. Àwọn èèyàn gbà pé Maitreya, Búdà tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ló gbé àwọ̀ rẹ̀ wọ̀. Ẹnu ọ̀nà lo ti máa ń bá a ní ọ̀pọ̀ tẹ́ḿpìlì ilẹ̀ Ṣáínà, ó ń kí àlejò káàbọ̀. Kò burú láti ní i nílé, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹni tó jókòó lábẹ́ igi lò ń wá, òun kọ́.

Èyí tó dé adé, tó kó ẹ̀gbà sọ́rùn sọ́wọ́, bodhisattva, ìyẹn ẹni mímọ́ tó wà lọ́nà àtidi Búdà, ni lọ́pọ̀ ìgbà, bíi Guanyin tàbí Tara. Mo ní lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé ère Búdà aládé náà wà. Gotama fúnra rẹ̀, aṣọ mọ́ńkì ló ń wọ̀, kò sí ohun ọ̀ṣọ́ lára rẹ̀. Orí rẹ̀ yọ sókè láàárín, àmì kékeré wà láàárín ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì, etí rẹ̀ sì gùn wálẹ̀. Wọ́n ní yẹtí wúwo tó ń wọ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọba ló fa etí náà. Ó ti bọ́ yẹtí, ihò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Èmi fẹ́ràn ihò etí yẹn ju gbogbo àmì yòókù lọ.

Búdà Oníṣègùn máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù, abọ́ oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Amitabha, Búdà mìíràn, ló ṣòro jù láti dá mọ̀, torí bó bá jókòó ní àṣàrò, òun àti Gotama jọra bí ìbejì. Bi ẹni tó ń tà á. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ìyẹn náà ti sọ nǹkan kan fún ọ nípa ibi tó o ti fẹ́ rajà.

Gbẹ́nàgbẹ́nà:
Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ orí lásán yẹn, torí ó máa ń bí mi nínú.

Kò sẹ́ni tó gbẹ́ Búdà ní orí lásán láyé àtijọ́ kí wọ́n lè gbé e sórí tábìlì. Àwọn olè ló ń gé e. Ẹ wo ihò àpáta Longmen àti Tianlongshan ní Ṣáínà: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, wọ́n fi ṣísẹ́ẹ̀lì gé orí ère kúrò lára àpáta, torí odindi ère ò ṣeé gbé, orí sì ṣeé dì sínú àpótí. Ẹ dé Ayutthaya ní Thailand, ìlú tí àwọn ọmọ ogun Burma pa run lọ́dún 1767, ẹ ó rí ọ̀wọ́ ère tó jókòó láìlórí títí dòní. Àwọn orí tí wọ́n gé bẹ́ẹ̀ dé mùsíọ́mù àti pálọ̀ àwọn olówó, ojú aráyé mọ́ ọn lára, ni ilé iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ẹ̀dà rẹ̀ tà bí ohun ọ̀ṣọ́. Ẹni tó ti ra ọ̀kan kò dẹ́ṣẹ̀, àmọ́ ìwọ tó o ṣì ń yàn, yan odindi.

Ohun àtijọ́ ńkọ́? Bí kò bá ní ìwé tó fi ibi tó ti wá hàn àti ọwọ́ tó ti gbà kọjá, fi sílẹ̀, bó ti wù kó dára tó. Ọdún 1970 ni UNESCO ti ní àdéhùn lórí irú òwò bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń jí ère kó ní tẹ́ḿpìlì. Kódà ère Búdà tuntun, bó o bá fẹ́ gbé e jáde ní Thailand, ó yẹ kó o béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Fine Arts Department wọn.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe é: igi máa ń sán bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, kòkòrò sì lè wọ̀ ọ́. Òkúta wúwo, wo pákó tó o kàn mọ́ ògiri dáadáa kó o tó gbé e lé e. Idẹ máa ń ṣú. Àwọn kan ń dán an, èmi máa ń fi í sílẹ̀. Ike líle fúyẹ́, kò wọ́n, kò sì sí ohun tó ṣe é, ẹ má dá àwọn tó ń yínmú sí i lóhùn. Bí agbára rẹ bá ká a, iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Newar ní Patan, ilẹ̀ Nepal, tọ́ sí owó rẹ̀. Ìda ni wọ́n fi ń mọ ère náà, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda dànù, wọ́n á wá da irin gbígbóná sínú àyè tó ṣófo. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ́ amọ̀ náà kí ère tó jáde, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ni amọ̀ kan ń bí.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe: ẹ jókòó sílẹ̀ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ère ni wọ́n ṣe ojú rẹ̀ wálẹ̀. Tó o bá dúró, bí ẹni tó ń tòògbé ló máa rí. Tó o bá jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀, ojú yín á ṣe mẹ́rin. Wò ó bóyá ojú méjèèjì dọ́gba, bóyá ètè rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín àbí ó ń fini ṣẹ̀sín. Ojú tí kò bá tù ọ́ nínú lónìí, kò ní tù ọ́ nínú lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀nà Òkè Yìnyín:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Gbẹ́nàgbẹ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ yí ère náà dojú dé kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀. Lọ́nà tiwa, ti Tibet, ère tí inú rẹ̀ ṣófo kò tíì parí. A máa ń ki bébà tí wọ́n kọ mántírà, ọ̀rọ̀ mímọ́ tí a ń kà ní àkàtúnkà, sí sínú rẹ̀, wọ́n á ká a le dáadáa, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan á dúró láàárín bí ọ̀pá ẹ̀yìn, tùràrí àti àwọn ohun mímọ́ mìíràn á tẹ̀ lé e, a óò sì dí ìdí rẹ̀ pa. Lẹ́yìn náà ni lámà, olùkọ́ ẹ̀sìn wa, yóò yà á sí mímọ́. Ẹ má ṣe dá a dán wò fúnra yín láti orí fídíò. Ètò wà nípa bí bébà ṣe ń dúró, orí rẹ̀ kì í wà nísàlẹ̀.

Inú Igbó:
Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù ba ọmọ tuntun. Ní ti Theravada, ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà tó gbilẹ̀ ní Sri Lanka àti Thailand, ìtàn Kalingabodhi Jataka to àwọn ohun ìrántí Búdà sí oríṣi mẹ́ta: ohun tó kù lára rẹ̀, ohun tó lò, àti ohun tó kàn ń tọ́ka sí i. Ère wà nínú ẹ̀kẹta, ìtàn náà sì sọ ọ́ ní gbangba pé inú ọkàn ẹni tó ń wò ó ni ẹ̀kẹta yìí fìdí múlẹ̀ sí. Torí náà, bí mọ́ńkì bá wà nítòsí tó lè ka àdúrà sí i, ó dára. Bí kò bá sí, nu ère rẹ, gbé e ka ibi tó mọ́, wólẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó o jókòó.

Ọ̀nà Òkè Yìnyín:
Ẹ̀gbọ́n, Theravada náà ń yà á sí mímọ́ o. Ní Sri Lanka, ojú ni wọ́n ń kùn gbẹ̀yìn, dígí sì ni ẹni tó ń kùn ún ń wò, kò gbọdọ̀ kọjú sí ère náà tààrà.

Inú Igbó:
Òótọ́ ni. Jàpáànù náà ṣe tiwọn: lọ́dún 752, mọ́ńkì ará Íńdíà kan, Bodhisena, ló kun ojú Búdà ńlá Tōdai-ji ní Nara. Mi ò sọ pé àṣà náà kò dára. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹni tí kò rí mọ́ńkì má ṣe fi ère sínú páálí ní ọdún kan, kó máa dúró de ẹni tí yóò yà á sí mímọ́.

Ọ̀nà Òkè Yìnyín:
Mo gbà fún yín níbẹ̀. Síbẹ̀ tèmi á kún.

Afẹ́fẹ́ Lásán:
Gbogbo wàhálà yìí lórí igi! Danxia Tianran, olùkọ́ Chan (ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà kan ní Ṣáínà) tó kú lọ́dún 824, òtútù mú un lóru ní tẹ́ḿpìlì kan, ó mú Búdà onígi, ó fi dáná yá. Alábòójútó ibẹ̀ fi ariwo ta. Danxia fi ọ̀pá tú eérú, ó ní eegun mímọ́ lòun ń wá. Ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Eegun wo ló wà lára igi?" Danxia ní, "Bí kò bá sí, ẹ gbé méjì tó kù wá."

Màmá Tùràrí:
Ọmọ mi Afẹ́fẹ́, ìtàn yẹn dùn gan-an. Àmọ́ nínú gbogbo ẹni tó ń sọ ọ́ fún mi, mi ò tíì rí èyí tó fi tirẹ̀ dáná.

Àṣẹ̀ṣẹ̀dé, jẹ́ ká dá ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé lóhùn, torí ìbéèrè tó bi kò burú. Jẹ́ kó mọ̀ pé fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan lẹ́yìn ikú Búdà, àwọn tó ń tẹ̀ lé e kò ya àwòrán rẹ̀ bí èèyàn. Lára òkúta Sanchi, ipasẹ̀ ẹsẹ̀ lo máa rí, tàbí kẹ̀kẹ́, tàbí igi, tàbí àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní lẹ́yìn ìbí Jésù ni ère onírìísí èèyàn gbilẹ̀, ní Gandhara àti Mathura. Ẹ̀sìn náà ti wà kí ère tó dé.

Bó bá ní kí lò ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, sọ òótọ́. Àwọn kan ń tọrọ nǹkan níwájú ère, irọ́ ni tá a bá ní kò sí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ tí a ń kà ní èdè Pálì tí a bá gbé òdòdó síwájú rẹ̀ kò tọrọ ohun ayé kankan. Ohun tó ń sọ ni pé bí òdòdó yìí ṣe ń rọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ara mi yìí yóò ṣe lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn òdòdó oníke lórí pẹpẹ. Kí ló fẹ́ fi kọ́ ọ? Jẹ́ kó rọ, kó o rí i, kó o tó pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Búdà fẹ́ kú, wọ́n ní igi sal rọ̀jò òdòdó lé e lórí láìjẹ́ àsìkò wọn, ó sì sọ fún Ananda, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, pé kì í ṣe èyí ni ọ̀wọ̀ tó ga jù, bí kò ṣe kí èèyàn máa rìn ní ọ̀nà tóun fi hàn. Bí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé bá rí i pé sùúrù rẹ ń pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ òrìṣà á dẹ̀ fúnra rẹ̀. Má fi dandan mú un wólẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ibi tó ń kó nǹkan rẹ̀ sí lo gbà fi ṣe pẹpẹ.

Ní ti yàrá tó o ń sùn: kò sí wàhálà bí ibòmíràn kò bá sí. Má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọjú sí i tó o bá sùn, apá ibi orí ni kó wà. Kó ga ju orí rẹ lọ tó o bá jókòó. Kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, má gbé e sí ibi tí aṣọ ìdọ̀tí ń rọ̀ sí, má sì gbé e sí ilé ìwẹ̀. Kọ́tìnì kékeré tó ṣeé fà bò ó lálẹ́ ti tó. Bó o bá ní ìwé ẹ̀kọ́ àti stupa kékeré (àwòṣe ilé ìrántí Búdà), àwọn ará Tibet ń fi ìwé sí apá òsì ìwọ tó ń wò ó, stupa sí apá ọ̀tún, ère láàárín.

Má fi àbẹ́là sílẹ̀ lọ sùn. Iná bátìrì kékeré kò dín ọ̀wọ̀ kù. Èéfín tùràrí máa ń sọ ojú ère di dúdú, gbé e jìnnà díẹ̀.

Àṣẹ̀ṣẹ̀dé:
Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Mo ti rí ọ̀kan tó wù mí: idẹ, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀. Inú rẹ̀ ṣófo, mi ò sì rí ẹni tí yóò bá mi kún un. Mo tún gbọ́ pé abọ́ omi méje ni wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀. Èmi ní ife kan.

Ọ̀nà Òkè Yìnyín:
Ife kan tó mọ́ ti tó. Bó bá di méje lọ́jọ́ kan: má gbé abọ́ tó ṣófo sí iwájú rẹ̀, bu omi díẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó o tó tò wọ́n, láti òsì sí ọ̀tún, kí àlàfo tó wà láàárín wọn má ju hóró bálì kan lọ. Kó tó di alẹ́, da omi náà láti ọ̀tún sí òsì, nu abọ́, dojú wọn dé. Omi ni wọ́n yàn torí kò sẹ́ni tó ń ro iye tó ná a. Bí lámà kan bá wá kọjá, gbé ère náà lọ bá a. Títí dìgbà náà, máa lò ó.

Atẹ́lẹwọ́:
Fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kó jẹ́ sí èyí tó o fi ń ṣe nǹkan mìíràn. Tó o bá fẹ́ gbé e, di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ọwọ́ méjèèjì. Orí kọ́ ni wọ́n fi ń gbé e.

Ẹni Kẹ́yìn:
Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ti ṣẹ́ lọ́wọ́. Ìka ọwọ́ ọ̀tún, méjì. Ṣé kí n sọ ọ́ nù?

Gbẹ́nàgbẹ́nà:
Rárá. Lẹ̀ ẹ́. Bó bá kọjá àtúnṣe, má dà á mọ́ pàǹtírí. Ní Thailand àti Sri Lanka, tẹ́ḿpìlì ni wọ́n ń gbé e lọ, wàá rí ọ̀pọ̀ ère tó ti fọ́ lábẹ́ igi bodhi, irú igi tí Búdà jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ní Jàpáànù, mọ́ńkì máa ń ka àdúrà kan láti yọ ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n là á lójú, lẹ́yìn náà ó ti di igi lásán. Bí kò bá sí tẹ́ḿpìlì níbi tó o wà, fi aṣọ tó mọ́ dì í, sin ín sábẹ́ igi kan.

Ẹni Kẹ́yìn:
Bí mi ò bá wá ní owó òmíràn ńkọ́? Àwòrán lásán ni mo ní nínú fóònù.

Inú Igbó:
Àwòrán kì í ṣe ohun àmójúkúrò. Rennyo, aṣáájú Jōdo Shinshū (ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà kan ní Jàpáànù) tó kú lọ́dún 1499, sọ pé lọ́nà tiwọn, àwòrán sàn ju ère onígi lọ, orúkọ Amida (bí wọ́n ṣe ń pe Amitabha) tí wọ́n kọ sílẹ̀ sì sàn ju àwòrán. Ṣùgbọ́n má fi sílẹ̀ sínú fóònù, torí ohun mìíràn á máa já lu ọ́ níbẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó nípọn, fi férémù sí i, gbé e sí ibi tí ère wà tẹ́lẹ̀. Tó bá yá tó o rí òmíràn rà, sún férémù náà sẹ́yìn rẹ̀, kó dúró síbẹ̀.